Ibi Tí Mo Máa Ń Wò Lára Ìjàpá Àtijọ́

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan wa Volkswagen Ìjàpá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti fẹ́ rà á, owó nìkan ló kù kó san. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Ẹni tó ń tà á ní 1965 ni. Ó ní bàbá òun ló rà á ní tuntun l'Ékòó, wọn ò pààrọ̀ páàtì kankan lára ẹ̀." Ọkọ̀ náà ń dán gbinrin. Iná iwájú rẹ̀ rọra dagun sẹ́yìn, gíláàsì sì bo ojú rẹ̀ bíi ti àwọn Ìjàpá àtijọ́. Iná yẹn ló wọ ọkùnrin náà lójú.

Dídán kì í sọ nǹkan kan fún mi, ọ̀dà lásán ni. Ohun tí mo máa ń wá ni bóyá ọjọ́ orí àwọn páàtì bára mu. Páàtì kan lè tan èèyàn jẹ, àmọ́ ó ṣòro kí mẹ́wàá pa irọ́ kan náà.

Mo yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan, mo sì rí ìdérí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú, níbi tí wọ́n ń gbà bu epo sí i. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ní Ìjàpá 1965 gbọ́dọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú kó tó lè bu epo. Ara àwọn ọkọ̀ 1968 ni Volkswagen ti gbé ẹnu táńkì síta, ara ọkọ̀ gan-an ni wọ́n sì ṣe ojú ihò náà sí. Fẹ́ńdà ò rí bẹ́ẹ̀. Bóòtù ni wọ́n fi dè é. Láàárín ọ̀sán kan, a lè tú méjèèjì iwájú, ká fi ti ọkọ̀ mìíràn dípò, tiná-tiná.

A gbé àga ẹ̀yìn. Abẹ́ rẹ̀ ni bátìrì wà, ibẹ̀ náà ni nọ́ńbà ṣẹ́ẹ̀sì wà, lórí irin tó la àárín ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi sáńpépà họ ibẹ̀. Àkísà tí ẹ fi kẹrosíìnì rin ti tó. Mo nu ìdọ̀tí kúrò, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kí òjìji lè wọ inú nọ́ńbà náà. 118 ló ṣáájú. 11 dúró fún Ìjàpá, 8 dúró fún 1968. Ká ní 1965 ni, 115 là bá rí. Bí nọ́ńbà bá rí gbágungbàgun, tí ẹ sì rí ojú fáìlì lára irin tó yí i ká, ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án nìyẹn. Ẹ má sanwó. Ti ọkọ̀ yìí ṣì wà bí ilé iṣẹ́ ṣe tẹ̀ ẹ́.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà nísàlẹ̀ ibi tí dáínámò jókòó sí. H ló fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹ́ńjìnì 1500 cc. Kò sí Ìjàpá 1965 tó gbé ẹ́ńjìnì yẹn jáde ní ilé iṣẹ́, nítorí ara àwọn ọkọ̀ 1967 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó bá 1968 mu dáadáa.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàbá tó rà á ní tuntun l'Ékòó. Ọwọ́ òsì ni sítíárín rẹ̀ wà. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lápá ọ̀tún títì; kó tó dìgbà yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárín àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń tà níbí máa ń wà. Òótọ́ ni pé wọ́n lè yí i padà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yí i yóò gé irin, yóò sì jó o. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì, mo tọ́wọ́ bọ ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, mi ò rí ojú ìjó kankan. Tòkunbọ̀ ni.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn bí ẹ bá dé Ládípọ̀ ní Mushin. Tí oníṣòwò bá ní ojúlówó ni páàtì òun, ohun tó ń sọ ni pé kì í ṣe ayédèrú. Ó lè jẹ́ òótọ́. Síbẹ̀, páàtì Bosch tí ẹ rà lánàá kì í ṣe èyí tó bá ọkọ̀ yín jáde ní ilé iṣẹ́. Èyí tó bá ọkọ̀ jáde máa ń ní àmì lára: ọ̀dà orí bóòtù rẹ̀ kì í fọ́, sípánà kì í ti jẹ etí rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì Brazil lára páàtì, kì í ṣe ẹ̀sùn fúnra rẹ̀. Láti Brazil ni Volkswagen Igala, ọkọ̀ tí wọ́n ń tò ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó nígbà kan rí, ti ṣẹ̀ wá, orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún ni Brasília.

Ibì kan wà tí mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ èyí tó bá ọkọ̀ jáde rárá: rọ́bà bíréèkì àti rọ́bà epo. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì Ìjàpá wà, rọ́bà epo tó ti gbó lè jo sórí ẹ́ńjìnì gbígbóná, kí iná sì sọ kí awakọ̀ tó mọ̀. Ẹ yọ ti àtijọ́, ẹ kó o sínú àpò bó bá wù yín, ẹ fi tuntun síbẹ̀.

Ọkùnrin náà rà á ní iye tó tọ́ sí 1968, ó sì ní kí n wá fẹ́ńdà tó yẹ ẹ́. Ẹnì kan l'Ábẹ́òkúta tó ní 1966 ti ń wá irú fẹ́ńdà àtijọ́ yẹn kiri. A fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé méjèèjì, a kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀ mi, a sì gbé wọn lọ fún un.