Àtúnṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ológun nítorí àmì-ẹ̀yẹ tí wọn kò kọ síbẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, àtúnṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ológun ni ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ fún ẹni tó ti ṣe sójà rí, tàbí fún ìbátan rẹ̀ bí òun bá ti kú, láti mú kí ìjọba kọ àmì-ẹ̀yẹ tó tọ́ sí i sínú ìwé rẹ̀ bí wọ́n bá ti fò ó. Ìwé tí ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń dá lé ni Fọ́ọ̀mù DD 214, ìyẹn ìwé ìtúsílẹ̀ tí wọ́n ń fún sójà nígbà tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Àwọn tó ja Ogun Àgbáyé Kejì gba irú ìwé mìíràn tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ fúnra rẹ̀. Orí ìwé yìí ni wọ́n ń kọ orúkọ sójà sí, ọjọ́ tó wọṣẹ́ àti ọjọ́ tó kúrò, ipò tó dé, iṣẹ́ tó ṣe àti gbogbo àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀. Ohun tí kò bá sí lórí rẹ̀ dà bí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí lójú òṣìṣẹ́ ìjọba tó jókòó sídìí tábìlì.

Ọ̀rọ̀ náà ju iyì lásán lọ. Àpẹẹrẹ kan ni Purple Heart, àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún sójà tí ọ̀tá ṣe léṣe tàbí tí ọ̀tá pa. Ẹni tó ní in máa ń wà ní ìsọ̀rí kẹta, ó kéré tán, nínú ìsọ̀rí mẹ́jọ tí ìjọba fi ń pín ìtọ́jú ìlera fún àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2018, ẹni tó bá gbà á láti ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 síwájú, tí wọ́n sì tú sílẹ̀ tọláńlá, ní ẹ̀tọ́ sí gbogbo owó ẹ̀kọ́ tí òfin pèsè fún àwọn sójà ìgbà yẹn, ì báà ṣe oṣù díẹ̀ ló lò lẹ́nu iṣẹ́. Ìlà kan ṣoṣo tí akọ̀wé fò lè gba gbogbo ìyẹn mọ́ ènìyàn lọ́wọ́.

Bí àmì-ẹ̀yẹ ṣe ń sọnù nínú ìwé

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan du sójà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ogun ló ń padà sílé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn akọ̀wé sì ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ ìwé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fara gbọgbẹ́, tí wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn, tí wọ́n tún gbé látibẹ̀ lọ sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun mìíràn, lè kúrò lójú kan kí ìwé rẹ̀ ṣẹ́kù síbẹ̀. Àṣẹ tó fún un ní àmì-ẹ̀yẹ sì lè jáde nígbà tó ti dé ilé, tó ti bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀.

Àwọn àmì-ẹ̀yẹ kan wà tí wọn kò tí ì dá sílẹ̀ rárá, tàbí tí wọn kò tí ì pinnu pé ó tọ́ sí sójà, nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 1947, ilé iṣẹ́ ológun pinnu pé ẹnikẹ́ni tó gba Combat Infantryman Badge (àmì àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tó jà lójú ogun) tàbí Combat Medical Badge (ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó bá wọn lọ) nítorí ipa tó kó nínú ogun náà ní ẹ̀tọ́ sí Bronze Star pẹ̀lú, ìyẹn àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà tàbí iṣẹ́ rere lójú ogun. Nígbà yẹn, àwọn tó tọ́ sí ti padà sí oko, sí ilé iṣẹ́, sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Àmì-ẹ̀yẹ náà kì í dédé kàn wọ́n lára. Àfi kí wọ́n béèrè. Ọdún 1985 ni òfin dá àmì-ẹ̀yẹ àwọn tí ọ̀tá mú ní ìgbèkùn sílẹ̀, ó sì nawọ́ rẹ̀ padà dé ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1917. Òfin ọdún 2002 dá Korea Defense Service Medal sílẹ̀ fún àwọn tó ṣiṣẹ́ ní Kòríà láti ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 1954. Ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ ní ọdún 1956 kò lè rí èyíkéyìí nínú méjèèjì lórí ìwé rẹ̀, bó ti wù kí akọ̀wé rẹ̀ mọṣẹ́ tó.

Iná ọdún 1973

National Personnel Records Center ní St. Louis, ìpínlẹ̀ Missouri, ni wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì àwọn tó ti ṣe sójà rí. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1973, iná ṣẹ́ ní àjà kẹfà ilé náà, tó wà ní Overland lẹ́bàá St. Louis nígbà yẹn. Ilé náà kò ní ẹ̀rọ tó ń da omi sílẹ̀ láti òkè àjà bí iná bá ṣẹ́. Àwọn panápaná tètè dé, síbẹ̀ wákàtí 22 ni iná náà fi jó kí apá tó ká a, ó sì di ọjọ́ 16 kí wọ́n tó kéde pé ó ti kú pátápátá.

Fáìlì mílíọ̀nù 16 sí 18 ló bá a lọ. Nínú àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1912 títí di ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1960, ìdá 80 nínú 100 ni fáìlì wọn jóná. Ní ti ọmọ ogun òfúrufú, ìdá 75 nínú 100 ló jóná láàárín àwọn tó kúrò láti ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947 títí di ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1964, tí orúkọ wọn sì wà lẹ́yìn Hubbard nínú ètò ábídí. Wọn kò ní ẹ̀dà kejì, wọn kò yà wọ́n sórí fíìmù, kò sì sí àtòjọ tó lè sọ fáìlì ẹni tó wà níbẹ̀ gan-an. Ó ṣòro láti ronú sí àdánù yìí láìbanújẹ́: ogun àgbáyé méjèèjì àti ogun Kòríà wà nínú ọdún wọ̀nyẹn.

Nǹkan bí fáìlì mílíọ̀nù 6.5 ni wọ́n rí yọ nínú omi àti èéfín, tí wọ́n gbẹ, tí wọ́n sì ń pa mọ́ lọ́tọ̀. Fún àwọn tó kù, ńṣe ni wọ́n ń ṣa ìròyìn jọ láti ibòmíràn: ìwé owó ìkẹyìn tí sójà gbà, ìròyìn òòjọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ láràárọ̀ nípa ẹni tó wọlé, tó jáde, tó kú tàbí tó fara pa, àti ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ sójà ló mú ìwé ìtúsílẹ̀ wọn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ìlú wọn kí wọ́n lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn sì ti ran àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ní ọdún 1988, wọ́n tún rí àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n gbà sílé ìwòsàn ológun láàárín ọdún 1942 sí 1945 àti 1950 sí 1954. Kò kó gbogbo ènìyàn já, kò sì ní orúkọ. Nọ́ńbà iṣẹ́ sójà nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí bàbá bàbá rẹ̀ kọ nọ́ńbà yẹn sẹ́yìn fọ́tò kan ní ohun iyebíye lọ́wọ́. Ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1969 ni ọmọ ogun ilẹ̀ àti ti òfúrufú jáwọ́ nínú nọ́ńbà iṣẹ́, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo nọ́ńbà Social Security, ìyẹn nọ́ńbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń dá ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń béèrè àtúnṣe

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni irú àìsí tí àmì-ẹ̀yẹ náà jẹ́. Àmì-ẹ̀yẹ lè ti tọ́ sí sójà, bóyá àṣẹ ti jáde lórúkọ rẹ̀ tàbí ó wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n yẹ́ sí lápapọ̀, kó jẹ́ pé kíkọ ni wọn kò kọ ọ́. Ó sì lè jẹ́ pé sójà ṣe iṣẹ́ akin lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ kankan. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé. Èkejì jẹ́ ìpinnu tuntun, ọ̀nà rẹ̀ sì gùn gan-an. Àwọn ẹbí tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí máa ń fi ọdún púpọ̀ kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tiwọn.

Fún ti àkọ́kọ́, Fọ́ọ̀mù SF 180 ni wọ́n ń kún, tàbí kí wọ́n béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí St. Louis. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ ẹ̀tọ́ ọmọ ogun ilẹ̀ wò kí àmì-ẹ̀yẹ tó jáde. Ti àwọn ọmọ ogun ojú omi máa ń kọjá sí Millington ní Tennessee. Bí sójà bá ti kú, ọkọ tàbí aya tí kò tún ṣe ìgbéyàwó mìíràn, bàbá, ìyá, ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ló lè béèrè. Fún sójà fúnra rẹ̀ àti àwọn ìbátan wọ̀nyí, wọn kì í sábà gbowó. Nígbà tí ọdún 62 bá pé tí sójà ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, fáìlì rẹ̀ di ti gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni ló sì lè san owó gba ẹ̀dà rẹ̀.

Wọn kì í fa nǹkan rẹ́ lórí DD 214 àtijọ́. Fọ́ọ̀mù DD 215 ni wọ́n ń tẹ̀ láti fi kún un, ó sì yẹ kí àwọn méjèèjì máa wà pọ̀ títí láé, nítorí ẹni tó bá fi èkíní nìkan hàn kò tí ì fi àtúnṣe rẹ̀ hàn.

Bí ọ́fíìsì bá kọ̀, ó kù sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àtúnṣe àkọsílẹ̀. Òfin ọdún 1946 ló fìdí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀, aráàlú tí kì í ṣe ológun ló sì ń jókòó sínú rẹ̀. Ọmọ ogun ilẹ̀ ní tiwọn; ti ojú omi àti Marine (àwọn ọmọ ogun tó ń ti ojú omi gúnlẹ̀ jà) jọ ń lo ọ̀kan; ti òfúrufú ní tiwọn; Coast Guard, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, náà ní tirẹ̀. Fọ́ọ̀mù DD 149 ni wọ́n fi ń kọ̀wé sí i, láàárín ọdún 3 tí ènìyàn ti mọ̀ pé àṣìṣe wà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ lè fojú fo ọjọ́ tó ti kọjá bí ìdájọ́ òdodo bá béèrè rẹ̀. Òfin ní kí wọ́n parí ìdá 90 nínú 100 ẹ̀bẹ̀ láàárín oṣù 10.

Ìgbìmọ̀ náà máa ń gbà pé ohun tó wà nínú ìwé tọ̀nà títí ẹ̀rí yóò fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹrù ẹ̀rí wà lọ́rùn ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Àpá ọgbẹ́ lára nìkan kò tó fún Purple Heart: ó gbọ́dọ̀ hàn pé ọ̀tá ló fa ọgbẹ́ náà, pé ó nílò ìtọ́jú òṣìṣẹ́ ìlera, àti pé ìtọ́jú náà wà ní kíkọ. Níbi tí ìwé kò bá sí, ọ̀rọ̀ ìbúra àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà lè ṣe ìrànwọ́, pàápàá ti ọ̀gá wọn tàbí ti òṣìṣẹ́ ìlera tó di ọgbẹ́ náà. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni: bí àwọn ẹlẹ́rìí ṣe ń kú ni ẹ̀rí ń dínkù. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣì wà láàyè, tí ọ̀rẹ́ ojú ogun bàbá náà ṣì wà láàyè, kí ó má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀.

Ní ti àmì-ẹ̀yẹ tí wọn kò dárúkọ sójà fún rí, òfin gba ọmọ ilé aṣòfin àpapọ̀ láyè láti ní kí ilé iṣẹ́ ológun yẹ ọ̀rọ̀ náà wò bí ọjọ́ bá tilẹ̀ ti kọjá. Ọ̀nà yìí àti ìdúróṣinṣin àwọn tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kú ló mú Henry Johnson dé ibi tó yẹ ẹ́.

Henry Johnson àti Waverly Woodson

Henry Johnson jẹ́ aláàárù ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Albany, New York, kó tó wọ iṣẹ́ ológun. Ó wà nínú ẹgbẹ́ 369, àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí Amẹ́ríkà fi sábẹ́ àṣẹ ọmọ ogun Faransé nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Lóru ọjọ́ 14 mọ́jú ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 1918, òun àti Needham Roberts ń ṣọ́ ojú ogun nígbà tí àwọn ará Jámánì ya lù wọ́n. Roberts fara gbọgbẹ́ gan-an. Johnson fi bọ́ǹbù ọwọ́, ìbọn, ìdí ìbọn àti ọ̀bẹ jà títí wọ́n fi sá, kò sì jẹ́ kí wọ́n gbé ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ọgbẹ́ 21 ló wà lára rẹ̀. Faransé fún un ní Croix de Guerre, àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà wọn.

Ìwé ìtúsílẹ̀ rẹ̀ kò mẹ́nu kan ọgbẹ́ kankan. Kò rí àmì-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè rẹ̀ gbà títí ó fi kú ní ọdún 1929. Ọdún 1996 ni wọ́n tó fún un ní Purple Heart, ọdún 2002 ni Distinguished Service Cross, àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà kejì tó ga jù, tẹ̀ lé e. Òfin ní láti yọ ọjọ́ tó ti kọjá kúrò lọ́nà kí Ààrẹ Obama tó kéde Medal of Honor, àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù lọ, fún un ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2015, nígbà tí New York National Guard, ẹgbẹ́ ológun ìpínlẹ̀ náà, gbà á lórúkọ rẹ̀. Ọdún 97 ló wà láàárín òru ọjọ́ náà àti àmì-ẹ̀yẹ yìí.

Waverly Woodson jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera nínú ẹgbẹ́ 320, ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú tó gúnlẹ̀ sí etíkun Omaha ní Normandy ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1944. Ó fara gbọgbẹ́, síbẹ̀ ó ń tọ́jú àwọn mìíràn fún nǹkan bí wákàtí 30. Fáìlì rẹ̀ wà lára àwọn tó jóná ní ọdún 1973, èyí sì mú kí ìbéèrè àwọn ẹbí rẹ̀ ṣòro gidigidi. Ó kú ní ọdún 2005. Ọdún 2024 ni wọ́n kéde Distinguished Service Cross fún un.

Àwọn sójà ọmọ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Nígbà tí ètò MAVNI bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009 láti gba àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà síṣẹ́ nítorí èdè tí wọ́n gbọ́, Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ìwé ológun Amẹ́ríkà kì í lo àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà, orúkọ gígùn sì máa ń ní àṣìkọ. Bí sójà bá tún yí orúkọ padà nígbà tó gba ìwé ọmọ ìlú tàbí nígbà tó ṣègbéyàwó, àṣẹ àmì-ẹ̀yẹ lè wà lórúkọ kan kí DD 214 wà lórúkọ mìíràn. Ìwé ọmọ ìlú, ìwé ìgbéyàwó tàbí àṣẹ kóòtù tó so orúkọ méjèèjì pọ̀ ni ó yẹ kí a fi ti ìbéèrè lẹ́yìn, pẹ̀lú nọ́ńbà Social Security. Ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àǹfààní tí Johnson kò ní: ó lè ka ìwé ìtúsílẹ̀ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ fún akọ̀wé pé kí ó tún un ṣe kí òun tó fọwọ́ sí i.