Honda C70 Tó Kọ̀ Tí Kò Jí: Kọ́ńtáàtì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Bí alùpùpù Honda C70 ayé àtijọ́ bá kọ̀ tí kò jí láàárọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀ o, ní Iléṣà o, ìmọ̀ràn méjì ló máa ń kọ́kọ́ jáde: ẹ ra pọ́lọ́ọ̀gì tuntun, ẹ pààrọ̀ bátìrì. Ti bátìrì yẹn ló ń dunni jù, torí owó gidi ni, kò sì kan ọ̀rọ̀ náà rárá. Èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ta, tó ń lo kọ́ńtáàtì, irin kékeré méjì tó fẹnu kanra, kì í gba iná pọ́lọ́ọ̀gì lọ́wọ́ bátìrì. Họ́ọ̀nù àti tiráfíkétọ̀ ni bátìrì wà fún. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ ta ẹ́ńjìnnì: bí ìyókù bá pé, yóò jí.

Abẹ́ fúláíwíìlì, irin róbótó tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ni iná náà ti ń wá. Máágínẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ ń yí kóìlì (wáyà tí wọ́n wé) po, iná ń dìde nínú wáyà. Ìyẹn kò le. Ibi tí ọgbọ́n wà ni bí iná kékeré yẹn ṣe ń di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì. Kọ́ńtáàtì ló wà nídìí ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnu wọn bá ṣì kanra, iná á gba ara wọn kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, á padà sí ara ẹ́ńjìnnì. Tí kámù, irin tó ń yí tí ara rẹ̀ yọ gọngọ, bá wá ti ọ̀kan sẹ́yìn, ọ̀nà dí nìyẹn. Iná á ya wọ inú kóìlì kejì tó wà lábẹ́ férémù, ibẹ̀ ni á ti gbèrú tí á fi lè fò lẹ́nu pọ́lọ́ọ̀gì.

Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ lójijì. Ká ní ẹni méjì ń fa okùn: tí ọ̀kan bá jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kejì á fìdí janlẹ̀. Tó bá rọra ń tú u sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣubú. Tí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ jù ú sílẹ̀ bá sì lẹ̀ mọ́ okùn ńkọ́? Bí iná ṣe ń ṣe lẹ́nu kọ́ńtáàtì nìyẹn: irin méjèèjì ò tíì yà tán, ó ti fẹ́ fo àlàfo tín-ń-tín yẹn. Kọ́ńdẹ́ńsà, agolo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńtáàtì, ló ń gbà á mì títí ẹnu á fi yà dáadáa. Bí kọ́ńdẹ́ńsà bá ti bàjẹ́, ojú kọ́ńtáàtì á máa jó, á dúdú, á dá kòtò, iná tó dé orí pọ́lọ́ọ̀gì á wá pọ́n, kò ní lágbára.

Kọ́ńdẹ́ńsà tó ti ń kú lọ kì í tètè fi ara rẹ̀ hàn. Alùpùpù á kúrò ní Ifẹ̀ geere, tó bá ń sún mọ́ Òṣú á bẹ̀rẹ̀ sí í sé, á kú. Ẹ jókòó sábẹ́ igi títí ó fi tutù, á tún jí. Wọ́n á ní ó ti rẹ ẹ́ńjìnnì. Ooru ló mú kọ́ńdẹ́ńsà. Àmọ́ kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ ṣí ìdérí táǹkì epo wò: bó bá jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ihò afẹ́fẹ́ ìdérí ló dí.

Àyẹ̀wò tí gbogbo èèyàn ń ṣe náà máa ń tanni jẹ. Wọ́n á yọ pọ́lọ́ọ̀gì, wọ́n á gbé e lé orí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ta á, wọ́n á rí iná, wọ́n á ní "iná wà." Iná tó fò níta lè má fò nínú. Nínú sìlíńdà, písítìn ti fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó bí ìdá kan nínú mẹ́jọ, iná sì nílò agbára púpọ̀ láti kọjá níbẹ̀. Àlàfo pọ́lọ́ọ̀gì kò ju mílímítà 0.6 sí 0.7 lọ, ṣùgbọ́n níta gbangba, iná tó péye yẹ kó lè fo bíi mílímítà 6, kó jẹ́ búlúù, kó sì máa dún ta-ta.

Ojú ihò fúláíwíìlì ni wọ́n ti ń tún kọ́ńtáàtì ṣe. Sáńpépà tó kúnná ni kí ẹ fi ra ojú rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá fi bébà mímọ́ há a lẹ́nu, kí ẹ fà á jáde kí ìyẹ̀fun sáńpépà má bàa kù síbẹ̀. Àlàfo rẹ̀ yẹ kó wà láàárín mílímítà 0.3 sí 0.4, kó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣí nígbà tí àmì F tó wà lára fúláíwíìlì bá bá àmì ara ẹ́ńjìnnì mu. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti kù díẹ̀ káàtó nìyí: gìgísẹ̀ kọ́ńtáàtì tó ń ra mọ́ kámù máa ń jẹ, àlàfo á máa kéré sí i, iná á máa pẹ́, alùpùpù á sì máa wọ́ lórí òkè Iléṣà. Àwọn tuntun tó ń lo CDI, àpótí iná kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ kọ́ńtáàtì, kò ní wàhálà yìí. Ṣùgbọ́n tí CDI bá kú lójú ọ̀nà, ríra ló kù; kọ́ńtáàtì, ẹ lè fi sukudiráífà àti sáńpépà tún un ṣe níbẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá dára tí iná kò sì wá, ẹ wo wáyà dúdú tó ní ìlà funfun. Kọ́kọ́rọ́ kì í fún pọ́lọ́ọ̀gì níná. Tí ẹ bá pa á, ńṣe ló ń fa iná wọ ara férémù kó má bàa dé kóìlì. Nítorí náà, wáyà tó bó lára tó ń kan férémù á ṣe bíi pé ẹ ti pa á. Ẹ yọ wáyà yẹn kúrò lẹ́nu kọ́kọ́rọ́, kí ẹ ta á. Bí iná bá dé, súwíìsì kọ́kọ́rọ́ ló bàjẹ́.