Ẹ̀fọ́ sísè láìsí ẹran ní Èkìtì

Ẹ̀fọ́ sísè láìsí ẹran tàbí ẹja kì í ṣe ohun àjèjì nínú ilé ìdáná ní Èkìtì. Ìgbàgbọ́ ló ń fà á fún àwọn kan, àìlera ló ń fà á fún àwọn mìíràn, nígbà mìíràn sì rèé, owó ẹran ni kò sí lọ́wọ́. Spinach ni ewé tí ìlànà ìdáná ilẹ̀ òkèèrè sábà máa ń dárúkọ fún irú oúnjẹ báyìí. Nínú ìkòkò Èkìtì, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre àti amúnútutù ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí omi ewé kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe lórí iná yàtọ̀ síra, ohun tó sì yẹ kí alásè kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn, torí pé nígbà tí kò bá sí ẹran tí yóò gbé ọbẹ̀ ró, omi ewé ló ń tún un ṣe tàbí tó ń bà á jẹ́.

Àwọn ewé náà

Ilẹ̀ Páṣíà, tó di Ìráànì lónìí, ni spinach gidi, Spinacia oleracea, ti ṣẹ̀ wá. Ó ti dé Ṣáínà ní ọdún 647, àwọn Lárúbáwá ló sì gbé e wọ Sípéènì kó tó tàn káàkiri Yúróòpù. Ibi tútù ló fẹ́. Tí ooru bá mú un, kíá ló máa ń ga sókè tí á yọ òdòdó, ewé rẹ̀ á sì korò. Ní Nàìjíríà, ilẹ̀ òkè bíi ti agbègbè Jos ló bá irú ewébẹ̀ bẹ́ẹ̀ lára mu; kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá pàdé lójoojúmọ́ lórí àtẹ ní Ọjà Ọba tàbí Ọjà Bísí ní Adó-Èkìtì.

Ìdílé kan náà ni spinach, tẹ̀tẹ̀ (Amaranthus) àti ṣọkọ (Celosia argentea) wà lójú àwọn onímọ̀ ewéko. Gbúre (Talinum) àti amúnútutù (Basella alba) kò sí nínú ìdílé yẹn. Oòrùn kì í ṣe tẹ̀tẹ̀ ní nǹkan kan: láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tí wọ́n bá fọ́n irúgbìn rẹ̀, ó ti tó fà tu. Nígbà òjò, ẹ̀yìnkùlé àti etí oko ni wọ́n ti ń já a. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àkùrọ̀ létí odò ló ti ń wá, owó rẹ̀ sì máa ń lé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, ọ̀rọ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀ nínú ìkòkò: kò sí ohun tí wọ́n ń fi spinach sè tí wọn kò lè fi tẹ̀tẹ̀ sè, kìkì pé tẹ̀tẹ̀ ń fẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i lórí iná, torí igi rẹ̀ le díẹ̀. Ṣọkọ rọ̀ jù ú lọ.

Omi ewé

Iṣẹ́ tẹ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣíṣà. Wọ́n á já ewé kúrò lára igi, wọ́n á yọ èyí tí kòkòrò ti lu àti èyí tó ti pọ́n, wọ́n á sì fi igi tó ṣì rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ewé. Kí wọ́n tó gé e ni wọ́n ń fọ̀ ọ́, kì í ṣe lẹ́yìn gígé, torí ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà ni oje rẹ̀ ń bá omi lọ. Ẹ̀fọ́ àkùrọ̀ máa ń ní iyanrìn lábẹ́ ewé, nítorí náà omi ìfọ̀ ń yí padà títí ìsàlẹ̀ abọ́ yóò fi mọ́. Ọ̀pọ̀ ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí omi àkọ́kọ́ kí kòkòrò lè jábọ́.

Lẹ́yìn gígé ni bíbọ̀. Wọ́n á da omi gbígbóná lé e lórí tàbí kí wọ́n rì í sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á da omi tútù sí i kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa rẹ̀, wọ́n á sì fi ọwọ́ fún un. Ewé tó kún agbada fọ́fọ́ á wá di ìwọ̀nba tí ọwọ́ méjì lè ká. Bí wọ́n ṣe ń fún un ló máa ń kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìdáná láyà: tí omi bá ṣẹ́kù púpọ̀, ọbẹ̀ á ṣàn lára iyán; tí wọ́n bá sì fún un jù, á dà bí koríko lẹ́nu. Ó dára kí ó ṣì tutù díẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá fi í sílẹ̀. Ohun kan tún wà nínú omi tí wọ́n dànù yẹn, ìyẹn ásíìdì oxalic, tó pọ̀ nínú spinach àti tẹ̀tẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ara gba kálísíọ̀mù inú ewé náà. Bíbọ̀ ń dín in kù, ṣùgbọ́n ó ń mú lára fítámínì C lọ pẹ̀lú.

Gbúre kì í gba bíbọ̀ rárá. Omi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ara rẹ̀, nítorí náà wọ́n á gbọn omi ìfọ̀ dànù, wọ́n á gé e, wọ́n á sì dà á sínú ata tó ti gbẹ dáadáa. Alásè tó bá bu omi sí ata gbúre ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ọbẹ̀ jẹ́. Amúnútutù máa ń yọ̀ díẹ̀. Ebòlò ní òórùn tirẹ̀, tí àwọn kan kò lè fara dà, tí àwọn mìíràn kò sì ní fi pààrọ̀ ohunkóhun.

Ohun tó ń rọ́pò ẹran

Irú ni olórí. Wọ́n máa ń se hóró rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á bó o, wọ́n á tún un sè, wọ́n á sì bò ó mọ́lẹ̀ níbi tó móoru fún ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Kòkòrò àìfojúrí Bacillus subtilis ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, tí ó ń fọ́ purotéènì inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ìdí sì nìyẹn tí adùn rẹ̀ fi ń jọ ti ẹran. Irú wooro dára jù fún ẹ̀fọ́ rírò ju irú pẹ̀tẹ̀ lọ. Ó yẹ kí wọ́n ṣa òkúta àti iyanrìn inú rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fọ̀ ọ́ ní àfọ̀túnfọ̀ nítorí òórùn rẹ̀, adùn ló ń dà sílẹ̀.

Ẹ̀gúsí ló tẹ̀ lé e. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ purotéènì, nǹkan bí ìlàjì sì jẹ́ òróró, èyí tó mú kí ọbẹ̀ ki kó sì yó èèyàn. Olú tí wọ́n ń rí nígbà òjò, pàápàá èyí tó ń hù nídìí ọ̀gán, ń ṣe bí ẹran lẹ́nu. Àwọn tó mọ olú dáadáa nìkan ló yẹ kó ṣa á nígbó, torí májèlé wà nínú àwọn kan. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà tún dára, tí wọ́n bá kọ́kọ́ dín in. Ní Íńdíà, spinach àti wàrà ni wọ́n ń sè pọ̀ tí wọ́n ń pè ní palak paneer, kò sì jìnnà sí ẹ̀fọ́ oníwàrà. Ẹni tí kì í fẹnu kan ohunkóhun tó wá lára ẹranko á lo wàrà sóyà dípò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ede gba àkíyèsí. Lójú ọ̀pọ̀ alásè, ede lílọ̀ àti ẹja gbígbẹ kò sí lára ẹran, ohun amọ́bẹ̀dùn lásán ni. Àlejò tí kì í jẹ wọ́n ní láti béèrè ní tààrà, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ede ò sí níbẹ̀?” Àwọn kan lára àwọn hóró amọ́bẹ̀dùn (èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní magí) tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù náà ní èròjà adìyẹ tàbí ede nínú. Láàárín àwọn onísìn Adventist, ọ̀pọ̀ kì í jẹ ẹran rárá. Àwọn Kátólíìkì ní tiwọn máa ń yẹra fún ẹran lọ́jọ́ Ẹtì nígbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ṣùgbọ́n ẹja kò sí nínú èèwọ̀ náà.

Ẹ̀fọ́ rírò

Fún èèyàn mẹ́rin, ìdì tẹ̀tẹ̀ ńlá mẹ́ta, tàtàṣé mẹ́ta, ata rodo méjì, àlùbọ́sà ńlá méjì, ṣíbí irú méjì àti nǹkan bí ìdajì ife epo pupa ti tó. Wọ́n á gún tàbí lọ ata pẹ̀lú àlùbọ́sà kan, kó má kúnná jù, wọ́n á sì gbé e kaná títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Epo á gbóná, kò ní funfun. Wọ́n á gé àlùbọ́sà kejì sí i, lẹ́yìn náà irú, títí òórùn irú yóò fi gba ilé. Wọ́n á da ata sí i, wọ́n á dín in fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí epo yóò fi léfòó. Tí olú bá wà, ìgbà yìí ló ń wọlé, pẹ̀lú iyọ̀.

Ẹ̀fọ́ ló ń kẹ́yìn. Wọ́n á tú u ká kó má dì pọ̀, wọ́n á rò ó pọ̀ mọ́ ata, á sì jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún péré lórí iná, láìdé ìkòkò. Tí wọ́n bá dé e, ásíìdì tó ń bá ooru jáde lára ewé á padà sínú ọbẹ̀, àwọ̀ ewé á sì di ràkọ̀ràkọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀gúsí ni wọ́n fẹ́ lò, wọ́n á fi àlùbọ́sà lílọ̀ àti omi díẹ̀ pò ó, wọ́n á máa bù ú sínú ata ní kókó kókó, wọn kò sì ní rò ó títí yóò fi dì, kí ẹ̀fọ́ tó wọlé.

Iyán ni wọ́n sábà ń jẹ ẹ́ sí ní Èkìtì, iyán sì fẹ́ ọbẹ̀ tó ki. Ó tún bá iṣu sísè àti ìrẹsì mu. Wọ́n ń ro tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ti bọ̀ mọ́ àsáró nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná, wọ́n sì ń gé e wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀wà lílọ̀ fún mọ́ínmọ́ín.

Àǹfààní àti ìkìlọ̀

Nínú 100 gíráàmù spinach tútù, omi jẹ́ nǹkan bí 91 gíráàmù. Kálórì rẹ̀ jẹ́ 23, èròjà irin 2.7 mílígíráàmù, kálísíọ̀mù 99, fítámínì C 28. Kálórì tẹ̀tẹ̀ kò yàtọ̀, irin rẹ̀ jẹ́ 2.3, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù rẹ̀ tó 215, fítámínì C sì tó 43. Irin inú ewé kì í tètè wọ ara bíi ti ẹran. Fítámínì C ń ràn án lọ́wọ́, nítorí náà ọsàn lẹ́yìn oúnjẹ dára. Tíì kò dára, torí ó ń dí i lọ́wọ́. Epo inú ọbẹ̀ ló ń jẹ́ kí ara rí èròjà tó ń di fítámínì A gbà. Fítámínì B12 kò sí nínú ewé kankan, ẹni tí kì í jẹ ẹyin tàbí wàrà ní láti wá a níbòmíràn.

Nítorí ásíìdì oxalic yẹn, ẹni tó ti ní òkúta kíndìnrín rí gbọ́dọ̀ bọ ewé rẹ̀, kó da omi rẹ̀ nù, kó sì bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n tó lè jẹ. Fítámínì K inú ẹ̀fọ́ lè dín agbára warfarin kù, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí náà kí ẹni tó ń lo oògùn náà má ṣe ṣàdédé fi kún ìwọ̀n ẹ̀fọ́ tó ń jẹ tàbí dín in kù láìsọ fún dókítà.