Henry ti Blois

Henry ti Blois, tó kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1171, ni bíṣọ́ọ̀bù ìlú Winchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1129 títí ọlọ́jọ́ fi dé. Òun ló dá ilé àánú St Cross sílẹ̀ fún àwọn tálákà láàárín ọdún 1132 sí 1136.

Ọmọ-ọmọ ọba ni. Adela ìyá rẹ̀ ni ọmọ William tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066. Ọ̀dọ̀ àwọn mọ́ǹkì Cluny ní ilẹ̀ Faransé ló dàgbà sí, kí Ọba Henry Kìíní, àbúrò ìyá rẹ̀, tó fi í ṣe olórí àwọn mọ́ǹkì Glastonbury lọ́dún 1126. Nígbà tó di bíṣọ́ọ̀bù, kò fi ipò yẹn sílẹ̀, owó ibẹ̀ àti ti Winchester sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀bá odò Itchen, nítòsí Winchester, ni St Cross wà. Kì í ṣe ibi tí a ti ń fún aláìsàn lóògùn. Ọkùnrin 13 tí ara wọn ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, tí wọn ò lè dá bọ́ ara wọn mọ́, ni Henry ní kó máa gbé ibẹ̀, kí wọ́n máa rí oúnjẹ, aṣọ àti ibùsùn. Bí ara ẹnì kan nínú wọn bá le tó láti lọ, ìlànà ilé náà ni pé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni kí wọ́n fi sìn ín jáde, kí ẹlòmíràn sì rọ́pò rẹ̀. Ìlànà yìí wúni lórí, torí kò fi àánú tẹ́ ẹni tó gbà á. Yàtọ̀ sí àwọn 13 yìí, 100 tálákà mìíràn ń jẹun níbẹ̀ lójoojúmọ́. Títí dòní, arìnrìn-àjò tó bá béèrè lẹ́nu ọ̀nà ń gba búrẹ́dì àti bíà díẹ̀.

Ọwọ́ Henry náà wà nínú ogun tó ba ìlú jẹ́. Ó ran Stephen ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ láti jọba lọ́dún 1135. Lọ́dún 1141, ó yí sọ́dọ̀ Matilda tó ń bá Stephen du oyè, kó tó tún padà sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdún yẹn ni wọ́n ja ogun ní Winchester gan-an, iná sì jó apá tó pọ̀ nínú ìlú náà. Àwọn òpìtàn ìgbà náà ní àwọn ọmọ ogun bíṣọ́ọ̀bù ló dáná ọ̀hún.

Lọ́dún 1445, Kádínà Henry Beaufort fi ẹgbẹ́ kejì kún ti St Cross, fún àwọn ọlọ́lá tó ti bọ́ sínú ìṣẹ́. Àwọn ará ilé tó wà lábẹ́ ètò Henry ṣì ń wọ agbádá dúdú tó ní àgbélébùú fàdákà. Ti Beaufort ń wọ pupa.