Kí Ẹ Tó Ra Renault 5 GT Turbo

Nígbà tí Renault gbé 5 GT Turbo jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1985, àwọn ọ̀dọ́ tí apá wọn kò ká ọkọ̀ eré ńláńlá ni wọ́n ń rà á. Àwọn ọ̀dọ́ náà ti dàgbà báyìí, wọ́n sì ń wá a kiri láti fi pamọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà 1.4 lọ, ìran rẹ̀ sì ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ṣùgbọ́n tọ́bò sọ agbára rẹ̀ di ẹṣin 115 nínú ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó kìlógíráàmù 900.

Tọ́bò kì í ṣe awo. Èéfín gbígbóná tí ẹ́ńjìnnì ń tú síta ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan, ọ̀pá irin kan náà sì so ó pọ̀ mọ́ abẹ̀bẹ̀ kejì tí ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni bẹntiróòlù tí ó lè jó níbẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ooru ni owó tí a ń san fún agbára yìí.

Kabúrétọ̀, ohun èlò tí ń po bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́, ni wọ́n fi sínú ọkọ̀ yìí, nítorí náà bí a bá pa á lẹ́yìn ìrìn gígùn, epo inú kabúrétọ̀ lè máa hó, kí ọkọ̀ sì kọ̀ láti jí. Ẹ má ṣe gba ẹ́ńjìnnì tútù gbọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á: ẹ wà á fún ìṣẹ́jú 20, ẹ pa á, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún jí i. Ní ti àwọn tí ó jáde ṣáájú 1987, ọ́ìlì nìkan ni ó ń mú kí tọ́bò tutù. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn ní omi pẹ̀lú, agbára wọn sì di ẹṣin 120. Ẹni tí ó bá ra ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lẹ́yìn eré, kí ọ́ìlì má baà jóná mọ́ ọ̀pá irin inú tọ́bò.

Lójú tèmi, ọwọ́ àwọn tí ó ti ni wọ́n rí ba èyí tí ó pọ̀ jẹ́ ju ọjọ́ orí lọ. Wọ́n fi kún afẹ́fẹ́ láìfi kún epo bí ó ti yẹ, písítìnì sì ń yọ́. Èyí tí ó ṣì wà bí ilé iṣẹ́ ti ṣe é ṣọ̀wọ́n, òun gan-an sì ni àwọn olùkójọ ń náwó lé. Bí ẹnìkan bá ń fọ́nnu pé tòun ti lágbára sí i, ẹ béèrè ibi tí àwọn ohun èlò tí ó yọ wà. Lẹ́yìn náà kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ ike tí ó yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ká, nítorí ibẹ̀ ni irin ti máa ń dípẹtà láìsí ẹni tí ó rí i.