Ẹ̀yìn Gólì Wo Ni Àlejò Ń Dúró Sí?

Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì kí aago 3 ọ̀sán Sátidé tó lù, rẹfirí á ju owó ẹyọ sókè láàárín pápá. Lórí pápá kéékèèké ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe àwọn balógun ikọ̀ méjèèjì nìkan ni ojú wọn máa ń wà lára owó náà. Àwọn àlejò, ìyẹn àwọn alátìlẹ́yìn ikọ̀ tó wá gbá nílé ẹlòmíràn, tó ti so àsíá mọ́ irin lẹ́yìn gólì kan náà ń wò ó, nítorí bí balógun kan bá ní kí àwọn gba apá kejì, àfi kí wọ́n tú àsíá, kí wọ́n gbé ìlù, kí wọ́n sì rìn yípo pápá lọ sí ẹ̀yìn gólì kejì kí fèrè tó dún. Ẹni tó ń tẹ̀lé Arsenal kò mọ irú èyí. Nọ́ńbà ìjókòó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí wọn yóò fi gbá a tán.

Orúkọ tí wọ́n ń pe bọ́ọ̀lù orí àwọn pápá kéékèèké yìí, non-league, ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, ó sì ń bí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú. Àwọn ẹgbẹ́ yìí ní líìgì, wọ́n sì yàtọ̀ pátápátá sí bọ́ọ̀lù àdúgbò tí àwọn ọ̀rẹ́ ń gbá lẹ́yìn iṣẹ́. Ohun tí orúkọ náà ń sọ ni pé wọn kò sí lára ẹgbẹ́ 92 tó wà nínú Premier League àti ìpele mẹ́ta ti English Football League. Lábẹ́ àwọn 92 náà ni National League wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ 24. Lábẹ́ ìyẹn ni National League North àti National League South, lẹ́yìn náà ni líìgì mẹ́rin tí Isthmian Premier jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì ń lọ sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìgbèríko. Láti 1987 ni ẹgbẹ́ tó bá gba ipò kìíní ní òkè pátápátá ti non-league ti láǹfààní láti wọ inú àwọn 92. Ṣáájú ìgbà náà, ìbò ni wọ́n ń dì lórí ẹni tí wọn yóò gbà wọlé.

Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí ni pé bí ipò ẹgbẹ́ ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ilẹ̀ tó ní láti rìn ń kéré sí i. Nínú National League, ẹgbẹ́ láti ibikíbi ní orílẹ̀-èdè náà lè pàdé ara wọn: nígbà tí Truro City, ẹgbẹ́ gúúsù ìwọ̀-oòrùn, gòkè débẹ̀ ní 2025, ìrìn-àjò wọn sí Gateshead ní àríwá lé ní 400 máìlì ní àlọ nìkan. Ṣùgbọ́n Isthmian kò kọjá Lọ́ńdọ̀nù, ìlà-oòrùn àti gúúsù ìlà-oòrùn, alátìlẹ́yìn lè jẹ oúnjẹ àárọ̀ nílé kó sì padà wá jẹ ti alẹ́. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni FA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń tún ààlà yìí fà. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ mọ̀ pé apò ẹgbẹ́ kékeré kò jìn.

Ọ̀nà méjì ni àlejò ń gbà rìn. Àkọ́kọ́ ni bọ́ọ̀sì ńlá tí ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn háyà. Iye kan náà ni onímọ́tò ń gbà, yálà bọ́ọ̀sì kún tàbí kò kún: ká ní £735 ni owó rẹ̀, bí èèyàn 35 bá wọ̀ ọ́, £21 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san, àmọ́ bí 24 péré bá wá, ó ti lé ní £30. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń kọ orúkọ fi máa ń gba owó ṣáájú. Ẹni tó ń ṣírò àkókò gbọ́dọ̀ rántí pé bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ kò lè sáré kọjá máìlì 62 ní wákàtí kan, àti pé bí awakọ̀ bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin àbọ̀, òfin ní kó sinmi ìṣẹ́jú 45. Ọ̀nà kejì ni ọkọ̀ ojú irin. Bí èèyàn mẹ́ta sí mẹ́sàn-án bá jọ lọ, GroupSave, ẹ̀dínwó ọkọ̀ ojú irin fún àwọn tó jọ ń rìn, á bá wọn yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó ọkọ̀ ní àkókò tí èrò kò pọ̀. Pàkúté tó wà níbẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà sílẹ̀ ṣáájú, nítorí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà tó bá jẹ́ pé eré ni wọ́n sún síwájú. Wọ́n sì máa ń sún un. Bí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì bá ṣì wà nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ FA Cup tàbí FA Trophy, eré líìgì Sátidé náà á di alẹ́ Túsìdé kan. Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n tún máa ń tún ojú irin ṣe, ẹni tí kò bá wò ó ní alẹ́ Jímọ̀ lè bá ara rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi dípò ọkọ̀ ojú irin, kó sì pàdánù ìlàjì àkọ́kọ́.

Òjò àti yìnyín ló ń ba ọjọ́ jẹ́ jù. Láàárọ̀, wọ́n lè pe rẹfirí kan tó ń gbé nítòsí wá wo ilẹ̀ kí àlejò tó gbéra. Á ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ wò ó bóyá ó ń ta padà, á yí i lórí koríko wò ó bóyá omi ń dá a dúró, á sì fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀. Omi hàn sójú, yìnyín ló ń tan ni jẹ. Oòrùn lè ti yọ́ ìdajì pápá nígbà tó bá fi di aago 11, kí ẹ̀gbẹ́ tí òjìji ilé ìjókòó bò sì le bí kọnkéré síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan yẹn tó láti fagi lé gbogbo eré, nítorí ibi tí bàtà ti gbẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá á ti gan bí òkúta, ó sì lè ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀. Pé wọ́n ní ilẹ̀ dára láàárọ̀ kò sì túmọ̀ sí pé rẹfirí eré kò lè sọ ohun mìíràn ní aago 2. Koríko oníke tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ non-league ń lò ti dín ìṣòro yìí kù púpọ̀, àmọ́ English Football League kò gbà á: nígbà tí Sutton United gòkè ní 2021, ṣe ni wọ́n hú tiwọn tí wọ́n sì gbin koríko gidi. Ó ṣòro láti rí ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn.

Ká padà sí ẹ̀yìn gólì. Ní ìpele bí Isthmian, kò sí ògiri láàárín onílé àti àlejò. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà wọlé, ìlà kan náà ni wọ́n ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù tíì. Alátìlẹ́yìn á dúró lẹ́yìn gólì tí ikọ̀ rẹ̀ ń wá ọ̀nà àtijẹ, kó lè rí gólì náà nítòsí, kí ohùn rẹ̀ sì máa dun aṣọ́lé ọ̀tá létí. Bí ìlàjì bá pé, ikọ̀ á yí padà, èrò náà á yí padà. Ìṣẹ́jú 15 ni gbogbo wọn ní.

Onílé sábà máa ń fẹ́ kọjú sí ẹ̀yìn gólì tí èrò rẹ̀ fẹ́ràn jù ní ìlàjì kejì, nígbà tí eré bá gbóná. Balógun àlejò mọ èyí. Láti 2019, ẹni tó bá jẹ owó ẹyọ lè yan gólì tí yóò kọjú sí tàbí kó yan pé òun ni yóò kọ́kọ́ ta bọ́ọ̀lù, ọlọgbọ́n àlejò sì lè yan gólì láti fi da ètò onílé rú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ èrò nìkan. Àwọn pápá kan dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ àwọn mìíràn. Oòrùn oṣù Kejìlá wá yàtọ̀ sí gbogbo wọn: ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń wọ̀ ṣáájú aago 4, ìlàjì àkọ́kọ́ eré aago 3 sì ń parí ní nǹkan bí 3:46. Bí aṣọ́lé kan bá kọjú sí oòrùn tó ń wọ̀ ní ìlàjì àkọ́kọ́, ẹnì kejì rẹ̀ kò ní jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ ní ìlàjì kejì, nítorí iná ni wọn yóò fi gbá a. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ máa ń kárí, oòrùn kì í kárí.

Nítorí náà, ẹni tó gbọ́n kì í so àsíá pinpin kí wọ́n tó ju owó. Okùn lásán tí wọ́n ta ní ojóbó ló dára jù, fífà kan á ti tú u. Okùn oníke tó máa ń há nílò ọ̀bẹ, ọ̀bẹ kò sì gbọ́dọ̀ wọ pápá. Ní ìsinmi ìlàjì, kí ẹnì kan lọ ra tíì fún mẹ́rin, kí àwọn mẹ́ta yòókù gbé àsíá lọ gba àyè, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ yà sí ilé ìtọ̀ á bá irin tó ti kún. Àwọn kan máa ń gbéra ní ìṣẹ́jú 43 kí wọ́n lè ṣáájú, ìgbà yẹn ni gólì sì máa ń wọlé lẹ́yìn wọn.

Níbi tí ẹ̀gbẹ́ kan pápá bá jẹ́ ògiri tàbí ìjókòó àwọn olùkọ́ni, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, èrò méjèèjì á sì pàdé ara wọn níbẹ̀ lójúkojú pẹ̀lú ìlù, tíì gbígbóná àti ọmọ lórí èjìká. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ìjà ló kàn. Ìjà ṣọ̀wọ́n. Èrò náà kò pọ̀ débi tí ẹnikẹ́ni yóò fi sá pamọ́ sáàárín rẹ̀, ilé ọtí kan náà ni wọn yóò jọ wọ̀ lẹ́yìn eré, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn yóò tún pàdé kí sáà tó parí. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń fi irin àti ọlọ́pàá ṣe, ojúlùmọ̀ ló ń ṣe é níbí. Bí àlejò bá pọ̀ jù, tàbí tí ìjà àtijọ́ bá wà nílẹ̀, onílé àti ọlọ́pàá lè pín wọn níyà, àlejò á sì wà lójú kan títí eré yóò fi parí. Ó yẹ nígbà mìíràn, àmọ́ wọn kì í tètè mú un kúrò tí wọ́n bá ti fi sílẹ̀. Ọtí náà ń tẹ̀lé ìpele: òfin 1985 kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu ún níbi tó ti ń rí pápá nínú National League sókè, ṣùgbọ́n láti ìpele North àti South lọ sísàlẹ̀, èèyàn lè di ife rẹ̀ mú lẹ́yìn gólì. Ní ìlú Lewes, níbi tí pápá tí wọ́n ń pè ní Dripping Pan wà nínú kòtò koríko nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, ìlú náà gan-an ló ń pọn ọtí Harveys.

Tó bá wá kan owó, àáró gan-an ni. Ní líìgì, onílé ló ni gbogbo owó ẹnu ọ̀nà, tó máa ń tó £10 sí £15 ní ìpele yìí. Àlejò wá ro oko onílé lónìí, onílé yóò wá ro tirẹ̀ ní oṣù mélòó kan sí i. Ṣùgbọ́n nínú àáró gidi, ọkọ́ kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbé wá. Níbí, ẹgbẹ́ tó lérò púpọ̀ á kó ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ọkọ́ lọ sóko ẹlòmíràn, kí ọgbọ̀n padà wá bá a. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí fún Dulwich Hamlet, tí èrò tó ń wá wò wọ́n nílé, ní Champion Hill lẹ́bàá Peckham, sábà máa ń lé ní 2,000. FA Cup kì í ṣe àáró, ọdẹ tó pa ẹran pọ̀ ni: lẹ́yìn ìnáwó, wọ́n ń pín owó ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀, àáró ló dára jù fún líìgì, nítorí ọjọ́ tí ẹgbẹ́ elérò púpọ̀ bá wá ni ẹgbẹ́ kékeré fi ń san owó iná.

Irú àwọn ẹgbẹ́ yìí náà ni ikọ̀ Nàìjíríà bá gbá nígbà tí wọ́n wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, tí ọ̀pọ̀ wọn ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n na ẹgbẹ́ Marine ní 5-2, Dulwich Hamlet náà sì wà lára àwọn tí wọ́n bá pàdé. Teslim Balogun, ọmọ Èkó, wà nínú ikọ̀ yẹn, ó sì padà wá gbá fún Peterborough United ní 1955, nígbà tí ẹgbẹ́ náà kò tíì wọ inú àwọn 92.

Bọ́ọ̀sì àlejò sábà máa ń gbéra ní nǹkan bí aago 5:30. Tó bá jẹ́ alẹ́ Túsìdé, eré aago 7:45 sábà máa ń parí ní nǹkan bí 9:35, nítorí náà kí ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú irin ti mọ ìgbà tí èyí tó kẹ́yìn ń lọ kó tó san owó wọlé. Àsíá tí òjò bá pa kò gbọ́dọ̀ sun inú báàgì: kí wọ́n tẹ́ ẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n sì tú okùn rẹ̀ sọ́tọ̀ kó lè gbẹ.