Kọ́ọ̀sì wo ni wọ́n ń kà mọ́ sáyẹ́ǹsì?

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tẹ́ ìwé èsì rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun wa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún kìíní ní yúnífásítì níbí ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ dókítà ló sì ń lé. Ó ní, "Àǹtí, mo ti ṣírò ó o. GPA sáyẹ́ǹsì mi jẹ́ 3.5." GPA ni ìpíndọ́gba máàkì, 4.0 ni òkè rẹ̀, òun náà ni A. Mo ní kó fún mi ní bírò.

Báyọ́lọ́jì, yúnìtì mẹ́rin, ó gba B. B jẹ́ 3.0; ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 12. Kẹ́mísìrì, yúnìtì mẹ́rin, A: 16. Tí a bá pín 28 sí ọ̀nà 8, 3.5 náà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo rí statistics nísàlẹ̀, yúnìtì mẹ́ta, A. "Èyí ńkọ́?" Ó ní ẹ̀ka saikọ́lọ́jì ló kọ́ àwọn, kò kan sáyẹ́ǹsì. Mo ní ìṣirò ni. A fi 12 kún un, ó di 40 lórí yúnìtì 11: 3.64. Ẹ̀rín bọ́ sẹ́nu ọmọ.

Èmi ò tíì rẹ́rìn-ín, torí mo rí i pé ẹ̀ẹ̀kejì ló ṣe kẹ́mísìrì yẹn. C+ ló gbà lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó tún un ṣe, ilé-ìwé rẹ̀ yọ C+ kúrò nínú ìṣirò tiwọn. AMCAS, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè fún ilé-ìwé dókítà, kì í yọ ọ́. C+ jẹ́ 2.3, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 9.2. Àpapọ̀ di 49.2 lórí yúnìtì 15: 3.28. Ilé pa rọ́rọ́.

AMCAS yìí ni fọ́ọ̀mù AAMC, àjọ àwọn ilé-ìwé ìṣègùn ní Amẹ́ríkà; òun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-ìwé tó ń fúnni ní oyè dókítà MD ń lò. Kì í gba GPA tí ilé-ìwé yín kọ. Fúnra rẹ̀ ló ń tún gbogbo rẹ̀ ṣírò. Báyọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì, físíìsì àti ìṣirò wà lápá kan, òun ni wọ́n ń pè ní BCPM. Gbogbo ìyókù wà lápá kejì.

Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nínú kíláàsì ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ẹ̀ka tó kọ́ ọ. Ìdí nìyí tí statistics fi jẹ́ ìṣirò níbikíbi tó bá ti wá, tí neuroscience fi jẹ́ báyọ́lọ́jì, tí ẹ̀kọ́ nípa ìràwọ̀ sì fi bọ́ sábẹ́ físíìsì. Saikọ́lọ́jì, nọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà àti ẹnjiníà kò sí níbẹ̀, bó ti wù kí wọ́n le tó. Mo mọ̀ pé èyí máa ń dun àwọn ọmọ ẹnjiníà, ó sì dun èmi náà fún wọn. Ibi tí wàhálà wà ni kọ́ọ̀sì àdàlù, irú èyí tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti ẹnjiníà ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ́. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ yan apá tó bọ́ sí. Àwọn òṣìṣẹ́ AMCAS á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì lè yí i padà. Ohun tí o máa fi gbèjà ara rẹ ni syllabus, ìwé tó to ohun tí wọ́n kọ́ nínú kíláàsì náà.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kàn yín. Kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọmọ yín ọdún mẹ́rìndínlógún ń ṣe nígbà tó ṣì wà ní girama, èyí tí ẹ ń fi yangàn lóde àríyá, máàkì rẹ̀ á bá a dé orí fọ́ọ̀mù yìí. Tó bá gba C níbẹ̀, C náà á tẹ̀ lé e.

Àwọn tó ti kàwé gboyè ní Nàìjíríà kí wọ́n tó débí náà ń bi mí léèrè. First class yín kò wọ inú GPA AMCAS, àfi tí ilé-ìwé kan ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà bá ti gba àwọn kọ́ọ̀sì náà wọlé sínú ìwé èsì tiwọn. Ẹ má sì sáré lọ ṣe másítàs tórí kí GPA lè gòkè: ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Kọ́ọ̀sì ìpele oyè àkọ́kọ́ tí èèyàn bá padà lọ ṣe lẹ́yìn ìgboyè ni wọ́n ń rò pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀.

AACOMAS, fọ́ọ̀mù àwọn ilé-ìwé oyè DO, oyè dókítà kejì tí Amẹ́ríkà ní, ní òfin tiẹ̀. Kì í ka ìṣirò mọ́ sáyẹ́ǹsì. Nígbà kan, máàkì tuntun máa ń pa ti àtijọ́ rẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fòpin sí i lọ́dún 2017. Ọmọ wa yìí kan náà, A statistics rẹ̀ kò gbà á níbẹ̀: 3.10 ló máa ní. Ní Texas, TMDSAS, fọ́ọ̀mù tiwọn níbẹ̀, kì í wo àmì àròpọ̀ tàbí àyọkúrò, C+ di C pátápátá.

Ó béèrè bóyá kóun tún báyọ́lọ́jì ṣe. Mo ní rárá o, B kì í ṣe àrùn. Ṣe kọ́ọ̀sì tuntun, kí o gba A níbẹ̀. Mo wá ní kó wá syllabus statistics yẹn jáde kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tó jókòó sí náà ló ti rí i, ó sì fi ránṣẹ́ sí íméèlì ara rẹ̀ kí ìrẹsì tó tutù.